Àgádágodo Inú Dífù

Ohun tí mẹkáníìkì bá nínú ọkọ̀ kì í sábà dẹ́rù bà á. Clement Ògúnwọlé ti bá eku nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti bá ejò lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, ó tilẹ̀ ti bá eyín ènìyàn rí nínú ọkọ̀ tí ó já sí kòtò, ó sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 1988, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, òun ni kò jẹ́ kí ó lè gbé omi mì.

Ọkọ̀ eré ìje ni, onílẹ̀kùn méjì, pupa bí osùn, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ewúrẹ́ kò fi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìbíyínká ni ó ni ín, tíṣà obìnrin tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílùú. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Matthew ni ọkọ̀ náà wà tẹ́lẹ̀, kí Matthew tó di ẹni tí à ń gbé dìde tí à ń gbé jókòó.

Lẹ́yìn Kérésì ọdọọdún, àwọn ọ̀dọ́ Àkókó a máa fi ọkọ̀ sáré gun òkè Ọ̀kà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aago á sì wà lọ́wọ́ àwọn adájọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Matthew dé kọ́nà ńlá àárín òkè, táyà ẹ̀yìn kan bọ́ sínú iyanrìn, ó ń yí lófìfo, èkejì tí ó wà lórí ọ̀dà dúró bí ẹni tí wọn kò pè. Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lu àpáta. Àwọn dókítà yẹ Matthew wò títí, wọ́n ní egungun kan kò kán. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

"Bọ̀dá Clement, dífù yẹn ni kí ẹ bá mi yọ," ni Ìbíyínká wí nígbà tí ó gbé ọkọ̀ náà wá. Dífù ni kòkò irin tí ó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tí ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tí ń pín in fún wọn. Ó ti ra òmíràn láti Èkó, tòkunbọ̀, ó dì í sínú àpò ìrẹsì, ó wúwo bí òkú ẹran. "Èyí lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn irin pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n máa ń di táyà méjèèjì mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fẹ́ máa yọ̀, wọn yóò fà á padà, agbára yóò sì bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Mo fẹ́ gun òkè yẹn. Mo fẹ́ kọjá ibi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí."

"Tíṣà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó wà á?"

"Èmi fúnra mi. Ẹ̀yin ni ẹ ó sì jókòó tì mí."

Ó lọ. Clement fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó tú pòròpẹ́là, ọ̀pá irin tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí dífù, ó dúró kí òróró inú dífù àtijọ́ ṣàn jáde. Oòrùn ọ̀sán ń jó lórí páànù, ṣùgbọ́n òróró náà tutù bí omi ìsàlẹ̀ àmù. Nígbà tí ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó rí àgádágodo kékeré kan nínú ìkùn irin náà. Títì ni wọ́n tì í. Wọ́n fi òwú dúdú àti funfun wé e, wọ́n sì fi wáyà bàbà so ó mọ́ ògiri dífù níbi tí eyín jíà kankan kò ti lè kàn án. Ọdún méjì ni ó ti wà nínú òróró, òwú náà sì gbẹ.

Ó fi ìka kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ kú dé ìgúnpá.

Èyí nìkan kọ́ ni ó jẹ́ kí ó jókòó lulẹ̀. Wáyà náà ni. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi lọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n wá ká orí rẹ̀ wọ abẹ́ bí ìrù àkekèé. Ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Àkókó ni ó ń so wáyà báyìí. Fágbàmílà ti Ọ̀kà ni, ọ̀gá tí ó kọ́ Clement níṣẹ́.

*

Kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí Abíọ́nà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ kan ṣoṣo tí Fágbàmílà bí ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, fìlà ofeefee kì í kúrò lórí rẹ̀, òun náà sì wà nínú àwọn tí yóò gun òkè lẹ́yìn Kérésì. Clement ti pọ̀n ọ́n rí nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ nílé wọn.

"Bọ̀dá Clement, Bàbá ní kí ẹ wá. Ó ní ohun tí ẹ rí lánàá, kí ẹ mú un dání." Abíọ́nà rẹ́rìn-ín. "Kí ni ẹ rí?"

Clement kọjú sí ọkọ̀ tí ó wà lórí jáàkì. "Nọ́ọ̀tì àtijọ́ kan ni."

Ó gun ọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà. Kò mú àgádágodo náà dání. Ọyẹ́ ti bo gbogbo òkè, ènìyàn kò rí ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ, àwọn àpáta sì ń yọ orí nínú kùrukùru lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni tí ń yọjú wo àlejò. Ó bá Fágbàmílà lábẹ́ àpáta tí ó fi ṣe ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ojú kan ni ó kù fún bàbá náà, ojú kan yẹn sì tó.

"O kò mú un wá," ni ó wí kí Clement tó kí i tán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Matthew ṣe fún yín?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Jókòó." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà. "O mọ ibi tí a bí Abíọ́nà sí?"

"Ẹ ní ọ̀nà oko ni."

"Irọ́ ni mo pa. Kọ́nà àárín òkè ni. Lọ́rì ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù, lọ́rì náà fi ẹ̀yìn rìn padà, ó wọ ọ̀gbun. Wọ́n bá ìyá ní òkú. Wọ́n bá ọmọ lórí ọ̀dà, láàárín ọ̀nà, kò ní ojú ọgbẹ́ kan, ó ń wo ojú ọ̀run. Ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ fún mi sọ pé ọ̀nà ni ó gbé e fún mi, ọ̀nà yóò sì wá gba nǹkan rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti ń wa ọkọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì, mo máa ń wá nǹkan mìíràn fi sí ẹnu ọ̀nà náà. Ìwọ ìbá jẹ́ bàbá rẹ̀, kí ni o ó ṣe?"

Bàbá náà na ọwọ́ sí i. Nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀, wọ́n fi awọ rán an, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Èyí ni o ó fi sínú dífù tuntun ti obìnrin náà. Mo ti àgádágodo mọ́ Matthew, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà gbà, kò sì yó. Lọ́tẹ̀ yìí, odidi ni yóò gbà."

"Bàbá, n kò lè ṣe é."

"Lọ́jọ́ tí mo dá ọ sílẹ̀, o fi ahọ́n kan irin níwájú mi. Kí ni o sọ?"

Clement tẹ orí ba. "Mo ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ bá rán mi, n kò ní kọ̀ ọ́."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún nìyí, n kò rán ọ níṣẹ́ rí." Ó fi nǹkan náà sínú àpò òsì Clement, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí bàbá tí ń fún ọmọ lówó ọdún. "Ó yá, máa lọ. Irin tí o fi búra ń gbọ́ o."

*

Ó fi àgádágodo han Ìbíyínká, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ó so ó, kò sì sọ ohun tí ó wà lápò òsì rẹ̀. Tíṣà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó fi ọwọ́ ra òwú gbígbẹ náà. Físíìsì tí ó mọ̀ kò sọ nǹkan kan sí i létí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìkáràmù," ni ó wí níkẹyìn. "Ìyá ìyá mi wà níbẹ̀."

Irú ni Ìyá Àyọ̀ká ń fọ̀ lẹ́yìn ilé nígbà tí wọ́n dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá. Ó wo àgádágodo, kò fi ọwọ́ kàn án. Ó rán Ìbíyínká lọ pọn omi lódò, odò tí kò sún mọ́ ilé. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti yí kọ́nà ilé, ó kọjú sí Clement.

"Èyí tí ó wà lápò òsì rẹ ńkọ́?"

Clement fi ọwọ́ kan àpò náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, títí dé orí irin tí ó fi ahọ́n kàn.

"Ọwọ́ onírin ni ó tì í, ọwọ́ onírin ni yóò ṣí i," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ohun tí ń gbé inú rẹ̀ kò ní dúró síta. Yóò wá ilé."

Clement mú ayùn kékeré jáde, ó ń rẹ́ ọrùn àgádágodo náà. Àwọn adìẹ agbo ilé sá wọ abẹ́ àjà lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí irin já, kò ju kí ó dún pó lọ. Òórùn irun jíjó kọjá níwájú wọn, ó gba ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀kà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n padà dé Ìkàrẹ́, àwọn ará ilé ń sáré pàdé Ìbíyínká: láti ọ̀sán ni Matthew ti ń pariwo pé iná ń jó òun lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó ń sunkún, ó sì ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fún gbogbo ayé wò.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kúrò ní Ìkáràmù, Ìyá Àyọ̀ká ti fi ìkarahun ìgbín kan tí ó fi ìda dí lẹ́nu lé Clement lọ́wọ́.

"Fi ohun inú rẹ̀ kun inú dífù náà. Nígbà tí ti Ọ̀kà bá wọlé, yóò bá onílé níbẹ̀. Onílé yóò gbé e padà fún ẹni tí ó rán an, yóò sì mú ohun tí ẹni náà fẹ́ràn jù."

"Ìyá, Abíọ́nà ni ìyẹn. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan."

Ìyá náà padà sídìí irú rẹ̀. "Matthew mọ̀ bí?"

*

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà, nítorí dífù tuntun kò fẹ́ gba ilé ẹni ẹlẹ́ni. Ó gùn ju ti àtijọ́ lọ. Clement gé pòròpẹ́là kúrú, ó jó o pọ̀, ó yí i wò kí ó má baà máa gbọ̀n. Ó fi ọ̀dà kun eyín jíà láti mọ ibi tí wọ́n ti ń fi ẹnu ko ara wọn, ó tú u, ó tún un ṣe, ó tún tú u.

Irin kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Sípánà tí ó ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ń yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì. Ó gé àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde fún ọjọ́ méjì. Lójoojúmọ́ tí oòrùn bá ti kan àtàrí, àwọn alángbá orí fẹ́ǹsì a kọjú sí ọkọ̀ pupa náà, gbogbo wọn, wọn kò ní mi orí rárá. Àwọn ọmọ tí ń ti ilé-ìwé bọ̀, tí wọ́n máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, bẹ̀rẹ̀ sí gba òdìkejì títì, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù, dífù ti wà nídìí ọkọ̀, ìdérí nìkan ni ó kù. Ó la ẹnu sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Clement gbé nǹkan awọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé ìkarahun sí ọwọ́ òsì. Bí ó bá fi nǹkan awọ nìkan síbẹ̀, Tíṣà kú. Bí ó bá fi méjèèjì síbẹ̀, Abíọ́nà kú. Bí kò bá fi ọ̀kankan síbẹ̀, irin tí ó fi ahọ́n kàn yóò bi í léèrè.

Ó rántí ọdún tí ìgbóná mú Abíọ́nà, tí ọmọ náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni pọn òun àfi òun Clement, tí ó ń pariwo "Bọ̀dá, ẹ má sọ mí kalẹ̀." Ó rántí Matthew tí ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀.

"Iṣẹ́ mi ni kí ọkọ̀ gun òkè," ni ó wí sókè, bí ẹni pé ẹnì kan bi í.

Ó kó nǹkan méjèèjì sínú àjákù pòròpẹ́là tí ó gé, ó jó irin dí i lójú méjèèjì. Ó mú un lọ sí kànga gbígbẹ tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ó dúró kí ó gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó padà wá, ó da òróró tuntun sínú dífù, ó dé ìdérí, ó sì dì í pinpin.

*

Nígbà tí Clement dé Ọ̀kà ní ọjọ́ kejì láti jíṣẹ́, Fágbàmílà ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. Ó di igi mú, ẹsẹ̀ náà ń tẹ̀ lé e bí ẹran tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà.

"Ta ni ó ṣí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ojú kan náà wò ó títí. "Mo mọ̀. Ó wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ń jẹun lọ́wọ́. Kò burú. Ẹsẹ̀ àgbà kò wúlò fún ìje mọ́. Èkejì ńkọ́?"

Ibí yìí ni Clement ti lè sọ òtítọ́. Lẹ́yìn náà, ó máa ń ka ìmí tí ó mí kí ó tó dáhùn. Mẹ́ta ni.

"Ó ti wọlé, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. O ti san ẹ̀jẹ́ rẹ."

Ìtọ́wò irin kún ẹnu Clement, ó ń tutọ́ bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ilé, ó bá Abíọ́nà tí ń fọ ọkọ̀ tirẹ̀, tí ó ń súfèé. Clement fẹ́ kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó jókòó sórí òkúta, ó sì sọ ohun gbogbo fún un, láti orí lọ́rì tí ó fi ẹ̀yìn rìn títí dé kànga gbígbẹ.

Súfèé ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Omi ń ṣàn kúrò nínú àkísà tí Abíọ́nà mú dání, ó ń kán sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wọ́n sọ fún mi pé ibà ni ó pa ìyá mi," ni ó wí. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ta ni ó wà ṣáájú Matthew?"

Orúkọ ẹnì kan wá sí Clement lọ́kàn. Kò pè é.

"Ẹ má sọ fún Bàbá pé mo mọ̀. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ó jókòó ti Tíṣà lọ́la?"

"Èmi ni."

"Ẹ fún mi ní ìjókòó yín. Ẹ̀yin ẹ lọ dúró ti Bàbá ní kọ́nà. Mo fẹ́ kí ó rí mi nínú ọkọ̀ náà. Bí ọ̀nà bá fẹ́ mi, kí ó mú mi níṣojú rẹ̀. Kí Bàbá yé fi ọmọ ọlọ́mọ dípò mi."

"Abíọ́nà, kò sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ náà."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀," ni Abíọ́nà wí. "Nítorí náà ni ẹ ó ṣe fún mi."

*

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ ìje. Èrò to ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n fi gèlè àti aṣọ bo imú. Ìbíyínká kò bi Abíọ́nà ní nǹkan kan nígbà tí ó wọlé tì í. Clement ti là á yé e ní kùtùkùtù, ó sì ti gbọ́ tán, ó ní, "Kí ó wọlé. Ṣé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà."

Ní kọ́nà, Fágbàmílà jókòó sórí àga létí ọ̀gbun, igi rẹ̀ wà láàárín orúnkún. Clement dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ti kọjá. Nígbà tí ìkẹrin bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bàbá náà gbé orí sókè, ó ń fa imú.

"Òun nìyẹn," ni ó wí. "Ó ń bọ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Kò bú ramúramù bí àwọn tí ó ṣáájú, ó ń kùn ní ohùn kan, kò gòkè, kò rẹlẹ̀. Iná méjì là nínú ọyẹ́. Ọkọ̀ pupa náà yọ ní ẹsẹ̀ kọ́nà, orí méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan sì dé fìlà ofeefee.

Fágbàmílà fà síwájú lórí àga. "Ta ni ó jókòó tì í?"

Clement na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀.

"Clement! Ta ni ó wà níbẹ̀?"

"Abíọ́nà ni, Bàbá. Ẹ fara balẹ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo parọ́ fún yín lánàá. N kò fi síbẹ̀!"

Bàbá náà ti dìde. "Ìsinsìnyí ni o ń parọ́! Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀!"

Clement di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. Aṣọ náà ya. Arúgbó náà kọsẹ̀ bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ké orúkọ ọmọ rẹ̀, èrò sì figbe ta.

Ìbíyínká rí i nígbà tí àyè kò sí mọ́. Ó fa sítíárì sínú, síhà àpáta, sínú iyanrìn tí ó gba Matthew. Clement rí táyà kan bí ó ti rì, tí ó ta iyanrìn sókè bí omi. Ó rí ìdí ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fì. Nígbà náà ni dífù gbá a mú. Irin ké lẹ́ẹ̀kan péré, táyà méjèèjì bu ilẹ̀ jẹ pọ̀, ọkọ̀ náà ta síwájú, ó là láàárín àpáta àti arúgbó, ó sì gòkè lọ. Kò fi irun kan kan Fágbàmílà.

Fágbàmílà ni ó sún sẹ́yìn fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ó gbé e re. Ó fẹ́ gbé ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ náà kò gbọ́. Ara rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ dúró, ó sì wọ ọyẹ́ létí ọ̀gbun láìpariwo, bí ẹni tí ó fi ẹ̀yìn wọ yàrá.

Òórùn irun jíjó gba ojú Clement kọjá. Kò mọ̀ bóyá láti inú ọkọ̀ ni, tàbí láti ìsàlẹ̀.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Ibi ìsìnkú ìdílé wọn wà ní òdìkejì títì, wọn kò sì lè ṣe kí wọ́n má là á kọjá. Ìbíyínká wá, ó dúró lókèèrè. Lójú agbo ilé, níbi tí wọ́n gbé pósí kalẹ̀ sí, Abíọ́nà rìn lọ bá Clement. Ojú rẹ̀ wú, fìlà kò sí lórí rẹ̀.

"Bọ̀dá Clement, ẹ̀yin ni ẹ bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Kí ni ẹ sọ fún un?"

"Mo sọ fún un pé kò sí nǹkan nínú ọkọ̀ náà."

"Ṣé ó gbà yín gbọ́?"

"Kò gbà mí gbọ́."

"Kí ló dé?"

Clement wò ó lójú. "Nítorí ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo ti sọ fún un pé ó wà níbẹ̀."

Àwọn ọkùnrin tí yóò gbé pósí ti tò, wọ́n ń dúró, ẹnì kan wú ikọ́. Abíọ́nà nu ojú rẹ̀.

"Ẹ bọ́ sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀," ni ó wí. "Èmi yóò gbé orí."

Wọ́n gbé e. Ó wúwo ju bí ọkùnrin gbígbẹ yẹn ti yẹ kí ó wúwo lọ. Nígbà tí wọ́n dé etí ọ̀dà, Abíọ́nà dúró, gbogbo wọn sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ọ̀nà lọ sókè. Ó wò ó lọ sísàlẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kan tí ń bọ̀, ọyẹ́ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀dà, ó sì ń rìn lọ. Clement, tí ó wà lẹ́yìn, ń ka ìṣísẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé òdìkejì.